Pùlọ́ọ̀tì mẹ́rin ní Manhattan: ilé àwọn arúgbó ni àbí ọgbà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà ná. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà 20,000 níbùú lóròó. Bí a bá fi pùlọ́ọ̀tì 50 sí 100 tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń tà nílé wọ̀n ọ́n, pùlọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni. Ó wà láàárín òpópónà Elizabeth àti òpópónà Mott, ní àdúgbò Nolita, ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Ìjọba ìlú New York ló ni ín, ọgbà tí wọ́n ń pè ní Elizabeth Street Garden ló sì wà lórí rẹ̀. Láti 2012 ni ìjọba ti fẹ́ kó ọgbà náà kúrò, kí wọ́n lè kọ́ ilé fún àwọn arúgbó tí owó tó ń wọlé fún wọn kò lè san háyà Manhattan. Títí 2025 fi ń parí lọ, búlọ́ọ̀kù kan ò tíì balẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́yọ̀ mẹ́ta ti jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀kẹrin sì ti bá a nílẹ̀.

Àwọn oníròyìn sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ìjà igi àti ilé: ta ló fẹ́ràn òdòdó, ta ló káàánú arúgbó. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń tọpa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, ìwé ni mo ń bá pàdé níbi gbogbo: ta ló kọ kí ni sórí ilẹ̀ yìí, ta ló sì ní àǹfààní láti kọ nǹkan tí kò kọ ọ́.

Ilé ìwé ìjọba kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó o ní àwọn ọdún 1970. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí apá kan ilẹ̀ náà, èyí tó kù sì di ààtàn. Ní 1991, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Allan Reiver, tó ń ṣòwò ère àti ohun àtijọ́, lọ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba ìlú, ó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ó kó pàǹtírí dànù, ó gbin igi, ó gbin koríko, ó to kìnnìún olókùúta àti àwọn òpó ìgbàanì síbẹ̀. Ilé kan tó jẹ́ ti àwọn panápaná láyé àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Reiver ń lò bíi ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé inú ọgbà. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí wọ́n máa tó fi í sọ̀kò ọ̀rọ̀.

Àdéhùn tó bá ìjọba ṣe kò ju oṣù sí oṣù lọ. Bí ìjọba bá ti fún un ní ìwé pé kó kó ẹrù rẹ̀, ó parí.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni nílẹ̀ nílé wa á ti rí ibi tí wàhálà yìí fara pamọ́ sí. Bí ìdílé kan bá fún àlejò nílẹ̀ dáko, ìṣákọ́lẹ̀ ni yóò máa san. Ìṣákọ́lẹ̀ yẹn lè jẹ́ iṣu mélòó kan, ó lè jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń rán onílé àti àlejò létí lọ́dọọdún pé ilẹ̀ yìí ní olówó orí. Àlejò lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kò gbọdọ̀ gbin koko tàbí obì láìgbàṣẹ, nítorí igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń di ẹlẹ́rìí fún ẹni tó gbìn ín. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ mọ bí ìṣákọ́lẹ̀ orí koko ṣe lè di ogun. Àwọn àgbà tó ṣe òfin yẹn kò kórìíra igi. Wọ́n mọ̀ pé bí igi bá ti ta gbòǹgbò, ọkàn ẹni tó gbìn ín náà ti ta gbòǹgbò, ìwé tàbí àdéhùn kankan kò sì ní rọrùn láti fà á tu mọ́.

Igi tó ń pẹ́ ni Reiver gbìn sórí ilẹ̀ oṣù sí oṣù. Igi náà dàgbà. Àwọn ọmọ àdúgbò dàgbà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́kàn wọn, ilẹ̀ ti di tiwọn. Nínú ìwé, kò tíì kúrò lọ́wọ́ ìjọba fún ọjọ́ kan.

New York kún fún irú ilẹ̀ báyìí, ó sì ní ohun tó fà á. Ní àwọn ọdún 1970, ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọko gbèsè. Àwọn lánlọ́ọ̀dù pa ilé tì, ilé ń jóná, àwọn tí kò san owó orí ilé pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba. Bí ìjọba ìlú ṣe di onílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pùlọ́ọ̀tì tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà nìyẹn. Ní 1973, obìnrin kan, Liz Christy, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pe ara wọn ní Green Guerillas, wọ ilẹ̀ kan ní ìkángun Bowery àti Houston, wọ́n kó ìdọ̀tí ibẹ̀, wọ́n gbin nǹkan sí i. Ní ọdún kejì, ìjọba fi ilẹ̀ náà háyà fún wọn ní dọ́là kan lóṣù. Dọ́là kan! Ìṣákọ́lẹ̀ náà tún nìyẹn. Ọgbà Liz Christy ṣì wà dòní, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni láti ibẹ̀ dé òpópónà Elizabeth. Nígbà tó di 1978, ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀, GreenThumb, tó ń fún àwọn aládùúgbò ní ìyọ̀ǹda láti dá ọgbà sórí ilẹ̀ ìjọba. Ìyọ̀ǹda fún ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé.

Nígbà tí ilẹ̀ kò níye lórí, kò sẹ́ni tó ka ìwé yẹn. Nígbà tó fi máa di 1999, owó ilẹ̀ ti ga, Mẹ́yọ̀ Rudy Giuliani sì fẹ́ gbé ọgbà 114 lọ sí gbàǹjo. Ariwo ta. Nígbà tí gbàǹjo kù dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ Trust for Public Land àti ẹgbẹ́ tí olórin Bette Midler dá sílẹ̀ kó 4.2 mílíọ̀nù dọ́là jọ, wọ́n ra gbogbo rẹ̀. Ohun tó gba àwọn ọgbà yẹn là ni pé ìwé wọn bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ti òpópónà Elizabeth kò sí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń wálé, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nínú ìwádìí tí ìjọba ìlú ṣe ní 2023, nínú 100 ilé tí wọ́n ń fi háyà, 1.41 péré ló ṣófo tí èèyàn lè rí gbà. Láti 1968 kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ilé bá ti wọ́n tó yẹn, lánlọ́ọ̀dù ló ń yan ayálégbé, kì í ṣe ayálégbé ló ń yan ilé. Ta ni wọ́n sì máa yàn gbẹ̀yìn bí kò ṣe arúgbó tí owó ìfẹ̀yìntì lásán ló gbójú lé? Ní Chinatown àti Little Italy tó wà nítòsí ibẹ̀, àwọn àgbàlagbà ṣì wà tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, àjà karùn-ún, nínú ilé tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Bí orúnkún bá ti yarí, inú yàrá ni wọ́n há sí.

Margaret Chin tó jẹ́ káńsílọ̀ àdúgbò náà mọ èyí dáadáa. Ní 2012, ìjọba ń parí àdéhùn lórí ilẹ̀ ńlá mìíràn ní Lower East Side tí wọ́n ń pè ní SPURA, ilẹ̀ tí wọ́n ti lé àwọn èèyàn kúrò lórí rẹ̀ láti 1967 tí wọn ò sì parí ilé síbẹ̀ fún bí ọdún 45. Chin ní kí wọ́n fi ilẹ̀ Elizabeth kún ti àdéhùn náà fún ilé. Wọ́n gbà fún un. Àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ wọn ní ẹnikẹ́ni kò bi àwọn léèrè. Mo rò pé àṣìṣe tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Bí èèyàn bá fẹ́ ṣe ohun rere lórí ilẹ̀ gbogbo ayé, tó wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, àwọn tó wà ní ojúde kò ní wo ohun rere náà mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa wò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2013, ni àwọn aládùúgbò kóra jọ, tí wọ́n ṣí ọgbà sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti ojú títì, tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì ń jókòó tì í. Àwọn tó fẹ́ ilé kò dẹ́kun láti sọ èyí: ìgbà tí ewu dé lẹ ṣí géètì, ọgbà ọlọ́jà ni tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ni pé láti ìgbà yẹn ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ní àdúgbò tó jẹ́ pé ibi ìṣeré kékeré kan tí wọ́n da kọnkéré sí, DeSalvio, ló sún mọ́ wọn jù.

Ní 2017, ìjọba yan ilé-iṣẹ́ Pennrose, ẹgbẹ́ RiseBoro àti ẹ̀ka Habitat for Humanity ti New York pé kí wọ́n kọ́ ilé náà. Wọ́n pè é ní Haven Green: fúláàtì 123, ti àwọn arúgbó nìkan. Bí ìdá 30 nínú 100 jẹ́ ti àwọn tí kò rílé gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fi apá kan ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú fọwọ́ sí i ní June 2019.

Lẹ́yìn náà ló di ti ilé ẹjọ́. Àwọn ọlọ́gbà sọ pé ìjọba kò yẹ ìpalára tí ilé náà lè ṣe fún àyíká wò bó ṣe yẹ. Ní 2022 adájọ́ gbè wọ́n. Ní 2023 kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ní June 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ìjọba láre. Láàárín ìgbà yẹn Reiver ti kú ní 2021, ọmọ rẹ̀ Joseph ló gba ọ̀pá àṣẹ. Ní October 2024, wọ́n lẹ ìwé ìlénijáde mọ́ géètì.

Àwọn ńlá ńlá wá dá sí i: Robert De Niro, Martin Scorsese àti Patti Smith kọ lẹ́tà sí mẹ́yọ̀ pé kó dá ọgbà sí. Ìwọ̀nyí ni ó jẹ́ kí inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbajúmọ̀ olówó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbòòji, arúgbó tí kò lórúkọ ń dúró de kọ́kọ́rọ́. Mo mọ ibi tí ọkàn mi ń fà sí bí mo bá wo àwòrán yẹn. Síbẹ̀, ẹni tó ń jókòó lọ́gbà náà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe De Niro. Ìyá àgbà tó kó ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde ni, òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ tó ń jẹun ọ̀sán ni, arúgbó kan náà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́lé fún sì lè wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ìyẹn ni kì í hàn nínú àwòrán.

Ọgbọ́n àwọn ọlọ́gbà kò sì tán. Ní February 2025, wọ́n gba ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ pẹ̀lú òfin 1990 kan tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ba iṣẹ́ ọnà jẹ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní ọgbà náà lódindi, àtigi àtère, iṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo ni. Èèyàn lè má gba tiwọn, àmọ́ lọ́yà tó ronú kan èyí jẹ ẹran tó le.

Ní June 2025 ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀. Mẹ́yọ̀ Eric Adams, tó ti ń ti ilé náà lẹ́yìn látìgbà tó ti dé, yí ohùn padà. Randy Mastro, igbákejì rẹ̀ àgbà, bá Christopher Marte, káńsílọ̀ tó gbapò Chin, dọ́gbọ́n pàṣípààrọ̀: ọgbà á dúró, Marte á sì ti ilé lẹ́yìn níbi mẹ́ta mìíràn ní agbègbè rẹ̀, ní Bowery, ní 22 Suffolk Street àti ní 100 Gold Street. Wọ́n ní ilé olówó pọ́ọ́kú tó máa ti ibẹ̀ jáde á lé ní 620.

Lórí bébà, ta ló máa kọ̀ ọ́? 620 ju 123 lọ, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè bá ọ yọ ọ́. Kí èèyàn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kó kọ́kọ́ wo ibi tí oníkálukú dé. 123 ti la ìgbìmọ̀ aṣòfin kọjá, ó ti la ilé ẹjọ́ mẹ́ta kọjá, àwọn tó máa kọ́ ọ ti wà nílẹ̀. 620 ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà ni. Gold Street tiẹ̀ jẹ́ ilé ọ́fíìsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń lò, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gan-an; wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde kí wọ́n tó wó o. Arúgbó tó jẹ́ ẹni ọdún 65 nígbà tí Chin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní 2012 ti di ẹni 78. Kó tún lọ dúró de ibi mẹ́ta? Èmi ò bá pàṣípààrọ̀ náà jà. Ohun tí mo ń bá jà ni pé ilẹ̀ tí wọ́n ń fi pàṣípààrọ̀ yìí ti wà látìgbà tí ẹjọ́ ti ń lọ, àwọn ọlọ́gbà sì ti ń pariwo láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé ilẹ̀ ìjọba mìíràn wà nítòsí, pàápàá ọ̀kan ní Hudson Street, tó lè gba ilé ju èyí lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó kó kọ orúkọ gbogbo ilẹ̀ ìjọba agbègbè náà sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, kó ní èyí fún ilé, èyí fún igi.

Ní Berlin, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Pápákọ̀ òfuurufú Tempelhof ti kógbá wọlé ní 2008, ilẹ̀ ìjọba tó tó hẹ́kítà 300 sì ṣí sílẹ̀ láàárín ìlú. Ìjọba fẹ́ kọ́ bíi 4,700 ilé sí etí rẹ̀. Àwọn ará ìlú dìbò ní May 2014, ó lé ní 60 nínú 100 tó ní kí wọ́n má kan ibẹ̀, ìbò náà sì di òfin. Háyà Berlin ti gòkè gan-an láti ìgbà yẹn, àwọn olóṣèlú sì ti ń wá bí wọ́n ṣe máa tún òfin náà yẹ̀ wò. Bó ti wù kó rí, gbogbo èèyàn mọ ohun tó wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ yí i padà mọ ẹnu ọ̀nà tó máa kàn.

Ìwé náà ló tún parí ti New York, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀. Òfin kan wà ní ìpínlẹ̀ yẹn tó ti pẹ́: ilẹ̀ tí ìjọba bá ti yà sọ́tọ̀ fún pápá ìgbafẹ́, ìjọba ìlú kò lè fi ṣe nǹkan mìíràn mọ́ àfi bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Albany bá fọwọ́ sí i. Nígbà kan, ìjọba ìlú fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi mímu sábẹ́ pápá Van Cortlandt ní Bronx. Wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀ ló máa wà, wọ́n á sì dá koríko padà sórí rẹ̀. Ní 2001, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n lọ sí Albany. Nílé, níbi tí Òfin Ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, irú ìdènà yẹn á ṣàjèjì létí ọ̀pọ̀ wa.

Òfin náà ní ojú kejì. Ní 2012, àwọn ará Greenwich Village pẹjọ́ pé ilẹ̀ ìjọba mélòó kan tí àwọn ti ń lò bí ibi ìṣeré àti ọgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún ti di pápá ìgbafẹ́ nípa ìlò, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí yunifásítì NYU gbà á. Ní 2015, ilé ẹjọ́ wo ìwé ìyọ̀ǹda, ó rí i pé fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì dá wọn lẹ́bi. Òógùn àti ọdún tí wọ́n ti lò kò dúró níwájú gbólóhùn yẹn.

Adams mọ èyí. Zohran Mamdani, tó ń du ipò rẹ̀, ti sọ pé bí òun bá wọlé, òun á kọ́ ilé àwọn arúgbó náà sórí ilẹ̀ Elizabeth. Mamdani wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù November 2025. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn rẹ̀ tí ó hàn sí gbangba pé ìjọba Adams ti kọ lẹ́tà pé wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ títí láé fún pápá ìgbafẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti 1991, lẹ́tà kan ṣe é. Mamdani alára sọ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí kò ṣeé ṣe fún òun láti kọ́ ilé náà síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ fúláàtì 123 yẹn lórí pùlọ́ọ̀tì mẹ́rin yìí, yálà kó lọ bá àwọn aṣòfin ní Albany, tàbí kó wá adájọ́ tó máa sọ pé lẹ́tà yẹn kò dúró.